Owó Orí Tuntun àti Àwọn Ọmọ Wa Lókè Òkun: Ibi Tó Ti Yé àti Ibi Tí Kò Tíì Yé

Ní ìparí ọdún 2025, ọ̀rọ̀ kan gbòde láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tó wà nílé àti àwọn tó wà lẹ́yìn odi. Wọ́n ní láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, ìjọba Nàìjíríà yóò máa yọ owó orí nínú owó tí àwọn ọmọ bá fi ránṣẹ́ sí òbí wọn láti òkè òkun. Ọ̀rọ̀ náà ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn, àwọn kan sì ń gba ara wọn nímọ̀ràn pé kí ẹni tó bá ń fi owó ránṣẹ́ máa kọ ọ́ sí i pé ẹ̀bùn ni, kí àwọn agbowó-orí má baà kà á sí owó iṣẹ́. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí. Lóòótọ́ ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin owó orí mẹ́rin lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025, lóòótọ́ sì ni èyí tó tóbi jù nínú wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n ń dá yẹn. Ìtumọ̀ tí àwọn èèyàn fún un ni kò bá ohun tó wà nínú rẹ̀ mu, ibi tó sì yẹ kí ẹ̀rù ti máa bà wọ́n gan-an, ibẹ̀ ni ojú wọn kò sí.

Ohun àkọ́kọ́ tí òfin náà ń béèrè ni ibi tí ẹni tó ni owó ń gbé. Ibi tí owó balẹ̀ sí kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Ẹni tí òfin bá kà sí olùgbé Nàìjíríà ní ọdún kan yóò san owó orí lórí gbogbo owó tó wọlé fún un lọ́dún náà, ìbáà ṣe Èkó ló ti rí i, ìbáà ṣe Toronto, yálà ó mú un wọ Nàìjíríà tàbí ó fi í sílẹ̀ sí báńkì òkè òkun. Ẹni tí òfin kò bá kà sí olùgbé yóò san lórí kìkì ohun tó bá ti inú Nàìjíríà wọlé fún un, bí owó ilé, èrè okòwò tàbí èrè orí ilẹ̀ tó tà. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Manchester, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n sì ti yọ owó orí nínú owó oṣù rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, kò jẹ Nàìjíríà ní kọ́bọ̀ lórí owó oṣù yẹn. Bó bá yọ 200 pọ́n-ùn nínú rẹ̀ tó fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti owó oúnjẹ, owó yẹn kò di owó iṣẹ́ ìyá náà, yálà ó kọ ẹ̀bùn sí i lára tàbí kò kọ ọ́. Táíwò Oyèdélé, tó ṣe alága ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ gbé kalẹ̀ lọ́dún 2023 láti tún ètò owó orí ṣe, sọ ọ́ léraléra ní gbangba pé owó tí ẹni tí kì í ṣe olùgbé bá rí lókè òkun kò sí lára ohun tí Nàìjíríà ń gba owó orí lé lórí, bó tilẹ̀ fi í ránṣẹ́ sílé. Ọgbọ́n tilẹ̀ wà nínú ìyẹn fún ìjọba fúnra rẹ̀. Nǹkan bí bílíọ̀nù 20 dọ́là ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ń fi ránṣẹ́ sílé lọ́dún, ìjọba tó bá sì fọwọ́ kan án yóò kàn lé e kúrò ní báńkì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe pàṣípààrọ̀ lábẹ́lẹ̀ ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rí lórí fóònù wọn ní oṣù Kìíní, tí wọ́n sì mú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ni 50 náírà tí báńkì ń yọ lórí owó tó bá tó 10,000 náírà sókè. Owó òǹtẹ̀ ìjọba ni, ó sì ti wà tẹ́lẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé ẹni tó gba owó ló ń san án láyé ìjọ́un, ẹni tó fi ránṣẹ́ ló ń san án báyìí. Kò yẹ kó yani lẹ́nu pé àlàyé bẹ́ẹ̀ kì í tètè wọ àwọn èèyàn wa létí. Owó orí wà nídìí Ogun Adubi tó jà nílẹ̀ Ẹ̀gbá lọ́dún 1918, òun náà ló kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jáde lẹ́yìn Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ní ìparí àwọn ọdún 1940, òun náà ló sì bí ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969. Ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ sá fún akódà wọ inú oko kòkó kò ní fi ọ̀rọ̀ ẹnu aláṣẹ kan sùn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ìtumọ̀ olùgbé fúnra rẹ̀. Òfin tuntun náà to àwọn àmì tí yóò fi mọ olùgbé lẹ́sẹẹsẹ: ẹni tó fi Nàìjíríà ṣe ibùdó (ìyẹn ilẹ̀ tó kà sí ilé rẹ̀ gan-an), ẹni tó ní ibùgbé tó wà títí fún ìlò rẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹni tó jẹ́ pé ibẹ̀ ló máa ń gbé lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí okòwò rẹ̀ tó jọjú àti àwọn ẹbí rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù wà níbẹ̀, ẹni tó lo ọjọ́ 183 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀ láàárín oṣù méjìlá, tí a sì ka ìsinmi àti ìrìn àjò ráńpẹ́ mọ́ ọn, àti ẹni tó ń ṣojú Nàìjíríà lókè òkun gẹ́gẹ́ bí aṣojú ìjọba. Bí a bá kà á bó ṣe wà nínú ìwé, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ti tó. Ọjọ́ 183 ni gbogbo èèyàn mọ̀, òun ni wọ́n sì máa ń fi tu ara wọn nínú pé, ‘Èmi kì í lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ nílé lásìkò Kérésì.’ Ṣùgbọ́n ibùgbé tó wà fún ìlò ẹni kò ka ọjọ́ rárá.

Ẹ jẹ́ ká wo irú ilé tí à ń sọ. Ilé alájà kan wà ní Akóbọ̀, nílùú Ìbàdàn, fúláàtì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, tọkọtaya kan tó ti ń gbé ní Kent ló kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ayálégbé wà nínú méjì. Ẹ̀kẹta wà ní títì: bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ bò, fíríìjì wà níbẹ̀ tí wọn kò tíì bọ́ ọ̀rá lára rẹ̀ tán, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìnkùlé, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ àbúrò ìyàwó, tó máa ń wá ṣí fèrèsé lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí ilé má baà bu. Ṣé ibùgbé tó wà títí fún ìlò wọn ni fúláàtì yìí tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ inú òfin lé e lórí lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kó sì rí ẹsẹ̀ gbé e lé. Bẹ́ẹ̀ sì ni irú ilé yìí kún gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, nítorí kò sí ọmọ wa tó pẹ́ lókè òkun tí kì í fẹ́ ní ibi tí yóò sọ̀kalẹ̀ sí nílé láìwọ ilé ẹlòmíràn. Mi ò gbà pé tọkọtaya Kent ni àwọn aṣòfin ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n kọ gbólóhùn yẹn; àwọn olówó tó ń gbé Dubai lẹ́nu, tó sì jẹ́ pé Ìkòyí ni wọ́n ti ń jẹun alẹ́, ló jọ pé wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n òfin kì í mọ ẹni tí wọ́n ní lọ́kàn, ohun tí wọ́n kọ ló mọ̀. Àlàyé tí ìjọba ń ṣe pé ẹni tí kì í ṣe olùgbé kò ní san nǹkan kan lórí owó òkè òkun tọ̀nà, síbẹ̀ ó fo ìbéèrè tó wà nílẹ̀: ta ni kì í ṣe olùgbé?

Ohun tó tún fi kún àìdánilójú náà ni pé ìwé òfin fúnra rẹ̀ di àríyànjiyàn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Abdulsamad Dasuki, tó ń ṣojú àwọn èèyàn rẹ̀ láti ìpínlẹ̀ Sókótó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, dìde nílé pé èyí tí ìjọba tẹ̀ jáde yàtọ̀ sí èyí tí àwọn fọwọ́ sí. Àwọn kan ní kí wọ́n dá òfin náà dúró, Ààrẹ ní kò ní dúró, ilé ìgbìmọ̀ sì ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Ẹni tó wà ní Houston tàbí Peckham tó ń gbọ́ gbogbo èyí lórí rédíò íntánẹ́ẹ̀tì kò lè ṣàì bi ara rẹ̀ pé èwo gan-an ni kí òun kà.

Fún ẹni tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ààbò kan wà tí a kì í sábà mẹ́nu bà. Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àdéhùn láti ọdún 1987 pé wọn kò ní gba owó orí lẹ́ẹ̀mejì lórí owó kan náà, àdéhùn bẹ́ẹ̀ sì máa ń yanjú ọ̀ràn ẹni tí orílẹ̀-èdè méjèèjì bá ń pè ní olùgbé: a ó wo ibi tí ilé rẹ̀ wà, bó bá ní ilé síbi méjèèjì a ó wo ibi tí ẹbí àti okòwò rẹ̀ so ó mọ́ jù, lẹ́yìn náà ibi tó máa ń gbé jù. Lójú àdéhùn yìí, tọkọtaya Kent tí ọmọ wọn ń lọ ilé-ìwé níbẹ̀, tí iṣẹ́ wọn sì wà níbẹ̀, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n. Kánádà, Faransé, Netherlands, South Africa àti Ṣáínà wà lára àwọn tó tún ní irú àdéhùn yìí pẹ̀lú Nàìjíríà. Amẹ́ríkà kò sí níbẹ̀. Ọmọ wa tó wà ní Maryland tó sì ní irú ilé Akóbọ̀ yẹn kò ní ìwé tí yóò nà jáde bí ìjọba méjèèjì bá jọ dì í mú. Ìyọnidà, ìyẹn àdínkù owó orí, tí òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bá fún un fún owó tó ti san níbòmíràn ni yóò gbára lé.

Àwọn tí òfin tuntun yìí dojú kọ ní tààràtà kò tilẹ̀ sí lókè òkun. Àwọn ni ọ̀dọ́ tó jókòó sí Yaba tàbí Bódìjà, tó ń ṣiṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà fún ilé-iṣẹ́ tó wà ní Berlin tàbí Amẹ́ríkà, tó sì ń gba dọ́là. Olùgbé ni wọ́n láìsí iyàn, gbogbo owó wọn ni òfin sì kàn. Nítorí pé ọ̀gá wọn kò ní ọ́fíìsì ní Nàìjíríà, kò sí ẹni tí yóò yọ owó orí náà lóṣooṣù, àwọn fúnra wọn ni yóò kọ ìwé ìṣirò wọn fún iléeṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń gbé, kó tó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ lè san ìtanràn 100,000 náírà fún oṣù àkọ́kọ́ àti 50,000 náírà fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e.

Iye tí wọn yóò san ṣeé ṣírò. Bí owó tó wọlé fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́dún bá jẹ́ mílíọ̀nù 24 náírà, 800,000 àkọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ owó orí pátápátá. Mílíọ̀nù 2.2 tó tẹ̀ lé e san ìdá 15 nínú 100, ìyẹn 330,000. Mílíọ̀nù 9 tó tún tẹ̀ lé e san ìdá 18, tó jẹ́ mílíọ̀nù 1.62. Mílíọ̀nù 12 tó kù san ìdá 21, tó jẹ́ mílíọ̀nù 2.52. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 4.47 náírà. Bó bá ń san owó ilé mílíọ̀nù 2 lọ́dún, òfin gbà á láàyè láti yọ ìdá 20 owó ilé náà kúrò nínú iye tí a ó ṣírò, ṣùgbọ́n ohun tó lè yọ kò gbọ́dọ̀ ju 500,000 lọ. 400,000 nìyẹn, èyí yóò sì dín owó orí rẹ̀ kù pẹ̀lú 84,000. Ẹni tí kò san kọ́bọ̀ rí lórí owó dọ́là rẹ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ti di mìíràn, pàápàá nígbà tí nọ́ńbà NIN rẹ̀ ti di nọ́ńbà owó orí rẹ̀.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀gbẹ́ òdìkejì ni wàhálà ti ń bọ̀, òun ni mo sì rò pé ó yẹ kí àwọn èèyàn wa níbẹ̀ máa fi sùn fi jí ju ọ̀rọ̀ Nàìjíríà lọ. Ẹni tó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti sọ fún HMRC, iléeṣẹ́ owó orí wọn, nípa owó tó ń wọlé fún un níbikíbi láyé, owó ilé tí ayálégbé Akóbọ̀ ń san sì wà lára rẹ̀. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ọdún 2025, ẹni tí wọ́n bá gbà pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni ibùdó rẹ̀ gan-an lè fi owó náà sílẹ̀ ní Nàìjíríà láìsan owó orí lé e, bí kò bá ti mú un wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí iye tó fi sílẹ̀ lọ́dún kò bá sì tó 2,000 pọ́n-ùn, kò tilẹ̀ ní láti kọ̀wé béèrè. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló wà lábẹ́ òjìji òfin yìí láìmọ̀ pé òfin kan wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2025, wọ́n ti fagi lé e. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ wà fún kìkì ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún 10 tó ṣáájú, ọdún mẹ́rin péré ló sì ní láti jẹ àǹfààní náà.

Àǹfààní yẹn fúnra rẹ̀ lè di gbèsè. Ẹni tó bá kọ̀wé gbà á yóò pàdánù 12,570 pọ́n-ùn tí òfin gba gbogbo òṣìṣẹ́ láàyè láti rí láìsan owó orí. Fún nọ́ọ̀sì tó ń gba 34,000 pọ́n-ùn lọ́dún, ìyẹn jẹ́ 2,514 pọ́n-ùn tí yóò tún jáde lápò rẹ̀, nítorí owó ilé Ìbàdàn tó lè má tó 1,000 pọ́n-ùn. Bẹ́ẹ̀ ìlànà kan tó rọrùn jù wà nílẹ̀: ẹni tí owó ilé tó ń gbà lọ́dún kò bá ju 1,000 pọ́n-ùn lọ kò ní san owó orí lé e rárá. Ẹni tó sọ fún un pé kó sáré gba àǹfààní tuntun kò ṣírò fún un.

Àwọn kan máa ń sọ pé HMRC kò lè mọ̀. Ìlànà àgbáyé kan wà láti ọdún 2014 tí àwọn báńkì fi ń ròyìn àkáǹtì àwọn tó ń gbé ilẹ̀ òkèèrè fún ìjọba ibi tí wọ́n ń gbé, Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú rẹ̀. Báńkì tó bi ọ́ ní àdírẹ́sì rẹ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí o ń ṣí àkáǹtì ní Ìbàdàn kò bi ọ́ lásán. HMRC máa ń kọ lẹ́tà sí irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀, lẹ́tà tó rọ̀ lẹ́nu, tó ní kí wọ́n yẹ ìṣirò wọn wò. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ jáde sọ ohun tó wà nílẹ̀ kó tó gba irú lẹ́tà yìí, ìtanràn rẹ̀ yóò fúyẹ́. Ìtanràn owó òkè òkun tí a fi pamọ́ lè gòkè tó ìlọ́po méjì owó orí tí a jẹ.

Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ pátápátá, nítorí ìwé ìrìnnà ni wọ́n ń wò ju ibùgbé lọ. Ọmọ ìlú wọn àti ẹni tó ní green card ń ròyìn owó rẹ̀ fún wọn lọ́dọọdún, kódà bó bá ti kó padà sí Lẹ́kí. Òfin yọ̀ǹda 130,000 dọ́là owó iṣẹ́ fún ẹni tó ń gbé òkèèrè lọ́dún 2025, ṣùgbọ́n owó ilé kò sí lára rẹ̀. Bí gbogbo àkáǹtì tó ní lẹ́yìn odi bá sì ju 10,000 dọ́là lọ lápapọ̀ ní ọjọ́ kan péré nínú ọdún, ó ní fọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ tí yóò kọ. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2026, Amẹ́ríkà náà ń gba ìdá 1 nínú 100 lórí owó tí èèyàn bá fi kéèṣì sanwó rẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sílẹ̀ òkèèrè. Èyí tó bá ti àkáǹtì báńkì tàbí káàdì Amẹ́ríkà jáde kò sí nínú rẹ̀. Ìdá 5 ni wọ́n kọ́kọ́ dábàá rẹ̀ kó tó wálẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni èyí àti òfin Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀, mo sì fura pé níbẹ̀ ni ìròyìn méjèèjì ti lọ́ mọ́ra, tí owó orí Amẹ́ríkà fi di ti Tinúbú lẹ́nu àwọn èèyàn.

Ní báyìí, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ní ẹsẹ̀ kan nílé àti ẹsẹ̀ kan lókè òkun ni ìwé. HMRC lè fún un ní ìwé ẹ̀rí pé olùgbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, òun ló sì lè fi dá iléeṣẹ́ owó orí ilé lóhùn bí wọ́n bá bi í. Bí ayálégbé rẹ̀ bá jẹ́ ilé-iṣẹ́, ìdá 10 ni wọn yóò yọ nínú owó ilé náà fún ìjọba, rìsíìtì rẹ̀ sì ni yóò fi béèrè ìyọnidà lọ́wọ́ HMRC. Kó sì ṣọ́ bí owó ilé ṣe ń wọlé. Ọdún owó orí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin, ọjọ́ tí owó sì dé ọwọ́ onílé kékeré ni HMRC máa ń kà. Ayálégbé tó san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn onílé wa ṣe ń béèrè, ti kó gbogbo rẹ̀ sínú ọdún kan ṣoṣo lójú HMRC, owó tí ì bá wà lábẹ́ 1,000 pọ́n-ùn bó bá jẹ́ ọdọọdún ni ó ń san án yóò sì kọjá rẹ̀.